Ìwé Kóòtù Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Aránṣọ

Bí ẹnikẹ́ni bá dá Aránṣọ dúró láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn pé kó má ṣí ṣọ́ọ̀bù, èébú ni onítọ̀hún ì bá gbà. Inú ti ń bí i láti ilé. Láti òdìkejì títì ló ti rí ìwé kóòtù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, funfun báláú, tí wọ́n gbé e sọdá ibi tí apá ilẹ̀kùn méjèèjì ti pàdé, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀kùn náà ò ní ṣí mọ́ láyé. Kò kà á. Kí ló kù tí ìwé fẹ́ sọ fún un? Oṣù márùn-ún rèé tí ìwé ti ń wá. Ó fa kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ọrùn yọ, ó ṣí àgádágodo, ó sì já ilẹ̀kùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìwé ya sí méjì, fàà. Onígbàjámọ̀ tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lódìkejì rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àwa ti fún kóòtù lésì.

Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n rín kẹ́yìn ládùúgbò náà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ojú Aránṣọ mọ́ òkùnkùn inú ṣọ́ọ̀bù tán, ó rí ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ọ̀kan wọ sálúbàtà, èkejì wà lásán. Ó mọ sálúbàtà náà. Bàbá Onílé ni, ó dojú bolẹ̀ sáàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti tábìlì, àyọ́ọ̀nù ńlá tí Aránṣọ fi ń lọ aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ìdí àyọ́ọ̀nù. Aránṣọ kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, títí tí Onígbàjámọ̀ fi wá wo ohun tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò náà àyàfi ẹ̀yin. Bàbá Onílé, káfíńtà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ ilé ọ̀hún. Aránṣọ ló gba ṣọ́ọ̀bù iwájú rẹ̀, ọdún kẹrìnlá rèé. Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan tábìlì ìgéṣọ fún un, Aránṣọ ló sì ń rán gbogbo ẹ̀wù Bàbá. Bí ọmọ ìyá ni wọ́n ṣe ń ṣe títí di ọjọ́ tí Akọ̀wé, àkọ́bí Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ní kóòtù, sọ pé òun fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù náà ṣe ibi ìtẹ̀wé. Ó mọ̀ pé bàbá òun ò ní gbà lásán, ló bá lọ sọ fún un pé Aránṣọ ń fọ́nnu káàkiri pé ilé ti di tòun. Bàbá, tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru, gbà á gbọ́ láìbéèrè. Wọ́n gbé Aránṣọ lọ kóòtù pé kó kó jáde.

Kò tán síbẹ̀ o. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù já sí àgbàlá, níbi tí omi ẹ̀rọ àti ilé ìyàgbẹ́ wà. Bàbá gbé pákó dábùú ilẹ̀kùn yẹn, tí kò ní kọ́kọ́rọ́, láti ìta, ó sì kàn án pa. Láti ọjọ́ náà, bí Aránṣọ bá fẹ́ tọ̀, àfi kó ti ṣọ́ọ̀bù, kó lọ bẹ aládùúgbò. Omi mímu, ó ń gbé e wá láti ilé nínú kẹ́ẹ̀gì. Ọjọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn yẹn gan-an ló dúró sáàárín títì tó ní, “Òkú èmi tàbí òkú tiyín, ọ̀kan ló máa kọ́kọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí.” Gbogbo títì gbọ́. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

Àwọn ọlọ́pàá méjì tó kọ́kọ́ dé kò lo ọpọlọ wọn gbó rárá. Wọ́n wo fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, irin ló dí i, ológbò gan-an ò lè gba ibẹ̀. Wọ́n yọjú wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti àgbàlá, wọ́n rí pákó, wọ́n rí ìṣó, wọ́n padà. Ọwọ́ wọn ò kàn án. Ó wá ku ilẹ̀kùn iwájú. Ilẹ̀kùn iwájú ní àgádágodo kan, àgádágodo ní kọ́kọ́rọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Aránṣọ. Kí ni wọ́n tún ń wá? Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Àhámọ́ tí wọ́n tì í mọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ní àgọ́ ọlọ́pàá, ògiri tó wà láàárín wọn ò sì kan àjà, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lọ́hùn-ún ló ń gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn yàrá náà: ìgbésẹ̀ mẹ́rin lóròó, mẹ́ta níbùú. Kò kéré sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ púpọ̀. Ló bá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé oṣù márùn-ún rèé tí òun ti ń ṣẹ̀wọ̀n, pé wọ́n kàn pààrọ̀ yàrá fún òun ni.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé ọ̀ràn náà fún kì í ṣe ẹni tí í sáré. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, apá irun rẹ̀ kan ti funfun, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ: Ọ̀gá Farabalẹ̀. Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà kó tó wá jókòó ti Aránṣọ.

“Ẹ fara balẹ̀, mà,” ló wí. “Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?”

“Ọ̀kan.”

“Kò sẹ́ni tó ní irú ẹ̀?”

“Kò sí. Nígbà tí ìjà dé ni mo pààrọ̀ àgádágodo. Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn.” Bó ṣe sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé òun tún ti fọwọ́ ara òun gbẹ́ ilẹ̀ sí i.

Ó ṣàlàyé pé ọ̀sán Ọjọ́rú ni òun ti ṣọ́ọ̀bù, pé lọ́dọ̀ lọ́yà òun ni òun wà títí di aago mẹ́ta, torí ọjọ́ Ẹtì ni ẹjọ́, pé ilé ni òun gbà lọ. Ta ló rí i nílé? Kò sẹ́nìkankan. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sílé ọkọ. Ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí létí ẹni tó ń gbọ́ ọ.

“Ẹ̀wù aláwọ̀ eérú kan wà lórí ìkọ́ lọ́dọ̀ yín, tí píìnì wà lọ́rùn ẹ̀. Ta ló ni ín?”

“Ti Bàbá ni. Wọ́n gbé e wá kí ìjà tó dé. Wọn ò wá wọ̀ ọ́ wò mọ́, èmi náà ò sì rán an mọ́.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ nù?”

Aránṣọ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè. “Aṣọ ò ṣẹ̀ mí,” ló wí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ mi orí, ó sì jáde. Kò pẹ́ tí ìjókòó fi ń dún nínú ọ́fíìsì. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ òkú-èmi-òkú-tiyín yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í, kò lè sẹ́ ẹ. Aránṣọ gbọ́ bó ṣe ń kálòlò nídìí ọ̀rọ̀ náà, kò sì bínú sí i. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé Ìnsípẹ́kítọ̀ ò dúró pẹ́ síbẹ̀ rárá. Ìwé ló ń bi í. Ṣé odidi ni ìwé náà wà kí Aránṣọ tó fa ilẹ̀kùn? Ó ní odidi ni, òun rí i tó ya. Ṣé kò ti ya níbìkan tẹ́lẹ̀? Ó ní rárá, kò ní àléébù kankan, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé wọlé. Aránṣọ mọ ìrìn bàtà rẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń fi ṣẹ́ẹ̀tì bọ inú ṣòkòtò, tí kó-ń-kọ-ń-kọ bàtà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi. Ohùn rẹ̀ ti ha, ẹkún wà níbẹ̀, ẹkún gidi sì ni. Ó ní ẹni tí kò bá mọ̀ ni kò mọ̀: obìnrin yẹn ti sọ pé òun á pa bàbá òun, ó sì ti pa á. Ó ní àgbàlagbà ló ní ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

“Ìgbà wo lẹ rí Bàbá gbẹ̀yìn?” Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

“Àárọ̀ àná, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo dé ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, wọn ò sí nínú ilé. Mo rò pé wọ́n lọ síbi ìpàdé àwọn àgbà.”

“Ojú ọ̀nà wo lẹ gbà wọlé?”

“Géètì ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbà. Èmi àti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn ò pàdé mọ́, mi ò fẹ́ rí ojú obìnrin yẹn.”

“Àtàǹpàkò yín ńkọ́? Ìyẹn tí ẹ dì.”

“Ilẹ̀kùn mọ́tò ló gbá a.”

“Pẹ̀lẹ́ o. Ó máa ń dunni.”

Àbúrò Bàbá, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ló tẹ̀lé e. Káfíńtà lòun náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ó ní ilé iṣẹ́ òun lòun wà títí di ìrọ̀lẹ́, ènìyàn márùn-ún ló rí òun níbẹ̀. Kò mọ ohun kan, ó kàn ń tún un sọ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ló tọ́ òun. Àfi ohun kan tó ní ó ń jẹ òun lọ́kàn: nígbà tí òun dé, òun bá òòlù ẹ̀gbọ́n òun lórí ilẹ̀ tútù lẹ́bàá omi ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n òun kì í fi òòlù sílẹ̀ nílẹ̀. Ó lè gbàgbé oúnjẹ, kò lè gbàgbé òòlù. Òun rò pé ọjọ́ ogbó ni, òun bá gbé e wọlé, òun sì lọ sùn, torí Akọ̀wé ní ibi ìpàdé ni ẹ̀gbọ́n òun wà.

Gbogbo èyí ni Aránṣọ ń gbọ́, kò sì rí ibi tí èyíkéyìí nínú rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹni kẹrin ló wá wọlé, Bélífù, oníṣẹ́ kóòtù tó ń lẹ ìwé mọ́ ilé onílé. Ohùn rẹ̀ ga, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó máa ń rí ìbínú lójoojúmọ́ tí kò sì kà á sí.

“Ara ilẹ̀kùn ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, bí òfin ṣe wí.”

“Apá ọ̀tún àbí apá òsì?”

“Ilẹ̀kùn náà ni, ọ̀gá,” ni Bélífù wí. Aránṣọ gbọ́ tí ìwé ń dún lórí tábìlì. Ó mọ̀ pé àwọn àjákù yẹn ni.

“Ẹ fara balẹ̀,” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. “Mi ò ní sọ fún ọ̀gá yín.”

“Ọ̀gá, àárín ni. Àṣà mi ni. Àwọn ayálégbé ló fà á. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ sápá kan, wọ́n á wọlé, wọ́n á jáde, wọ́n á lọ búra níwájú adájọ́ pé àwọn ò rí ìwé kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi dí ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè wọlé láìya á. Ẹni tó bá ya ìwé ti rí ìwé.”

“Aago mélòó?”

“Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yà á ní fọ́tò sínú fóònù, ẹ wò ó. Bàbá Onílé fúnra wọn nìyí, àwọn ló bá mi di òkè ìwé mú.”

Níbí yìí ni Aránṣọ sún mọ́ ògiri. Bàbá wà láàyè ní aago mẹ́rin.

“Wọ́n sọ nǹkan kan?” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

“Wọ́n ní kí ni mo lẹ̀ mọ́ ilé àwọn, torí wọn ò mọ̀wé. Mo kà á fún wọn. Ìwé ìbúra tuntun ni ẹ̀gbẹ́ tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ní kóòtù. Mo dé ibi tó ní àwọn fúnra àwọn fún Aránṣọ níwèé kó-jáde lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kejì. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, ‘Oṣù kejì? Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà, tí wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ mi sókè.’ Mo fi ibi tí wọ́n tẹ̀ka sí hàn wọ́n, mo ka orúkọ ẹlẹ́rìí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ fún wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í léèrè orúkọ ẹlẹ́rìí. Bélífù rẹ ohùn sílẹ̀, Aránṣọ ò gbọ́.

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ padà wá sí àhámọ́, ó gbé àwo kékeré kan dání. Ìṣó mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, gígùn, wọ́n ti dípẹtà, wọ́n tẹ̀ bí ìka arúgbó. Ó ní àpò àyà Bàbá ni wọ́n ti rí wọn.

“Ẹ mọ̀ wọ́n?”

Aránṣọ mú ọ̀kan, ó yí i lọ́wọ́. “Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìṣó tí wọ́n fi kàn mí mọ́lé nìyí. Wọ́n gùn tó bẹ́ẹ̀ tí imú méjì nínú wọn fi yọ sínú ṣọ́ọ̀bù lára ilẹ̀kùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò wọ́n. Inú bí mi títí, mo bá sọ ti òkè di ìkọ́, ibẹ̀ ni mo máa ń fi tépù ìwọ̀n kọ́.”

“Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni tépù yín wà láàárọ̀ yìí, mà. Imú ìṣó kankan ò sì sí lára ilẹ̀kùn.” Ó gba ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé Bàbá.”

Ó yẹ kí inú Aránṣọ dùn, ṣùgbọ́n kò dùn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá wà lọ́tùn-ún, ọlọ́pàá wà lósì, gbogbo ojú títì sì wà lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mú un gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ àgbàlá tí kò tẹ̀ láti oṣù márùn-ún. Omi ẹ̀rọ ń kán tó, tó. Akọ̀wé, Bàbá Kékeré àti Bélífù ti wà níbẹ̀. Akọ̀wé rí i, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ni wọ́n tún mú apànìyàn wá sílé olókùú ṣe.

Ìnsípẹ́kítọ̀ dúró níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí pákó dábùú. Kò gbé ohùn sókè.

“Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lánàá, Bàbá wà láàyè lẹ́nu ọ̀nà iwájú, Bélífù sì fi ìwé dí ẹnu ọ̀nà náà. Láàárọ̀ òní, odidi ni Onígbàjámọ̀ rí ìwé yẹn kí ìyá yìí tó ya á. Ìyẹn ni pé láti aago mẹ́rin títí di àárọ̀, kò sẹ́ni tó gba iwájú wọlé, kò sẹ́ni tó gba ibẹ̀ jáde, ìbáà ní ọgọ́rùn-ún kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Síbẹ̀ Bàbá wọlé, ó sì kú síbẹ̀. Ẹni tó pa á náà wọlé, ó sì jáde. Níbo?”

Bélífù ló kọ́kọ́ yí ojú wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

“Ilẹ̀kùn yìí kú láti oṣù márùn-ún,” ni Akọ̀wé wí. “Gbogbo ayé mọ̀.”

“Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iṣẹ́ yìí bí ẹni tó mọ iṣẹ́.”

Bàbá Kékeré súnmọ́ pákó. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó fi ìka méjì mú orí ìṣó kan, ó fà á. Ìṣó náà yọ wẹ́rẹ́, bí ẹni yọ abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ó fa èkejì, òun náà yọ. Ó dúró, ó wo ìṣó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tuntun ni, ó ń dán, kò sì gùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló kàn èyí,” ló wí. “Ìpẹtà ti mu ihò yìí yíká, ìṣó tó wà níbẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ihò àtijọ́ ni wọ́n ki í bọ̀. Ihò tí wọ́n ti fa ìṣó yọ nínú ẹ̀ ti gbò, kò lè di nǹkan mú mọ́. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ibi tuntun la máa ń wá lára igi.”

“Ta ló lè ṣe irú ẹ̀?”

“Ẹni tí kò di òòlù mú rí láyé ẹ̀.”

Kí ó tó sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ ti yé e. Ẹ̀yin náà ì bá rí ojú arúgbó yẹn. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀, ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀ sórí àtàǹpàkò tí wọ́n fi aṣọ funfun dì.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ló bá a sọ ìyókù. Ó ní Bàbá gbọ́ ohun tí Bélífù kà, ó mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n fi ìka òun tẹ̀, ó sì mọ ẹni tó gbé ìwé náà wá fún òun tẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wá sí àgbàlá, ó mú òòlù, ó sì fa ìṣó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yọ lára pákó. Àpò àyà ló kó wọn sí, bí gbogbo káfíńtà ṣe máa ń ṣe, torí káfíńtà kì í ju ìṣó nù. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ibẹ̀ ni Akọ̀wé ti bá a láago márùn-ún ààbọ̀.

“Géètì ẹ̀yìn lẹ gbà wọlé, ẹ sọ ọ́ fúnra yín,” ló wí fún Akọ̀wé. “Ẹ ò dé iwájú, ẹ ò rí ìwé tó wà níbẹ̀. Ká ní ẹ rí i ni, ẹ ì bá mọ̀ pé kò ní ṣeé ṣe láti di ọ̀ràn yìí ru ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ iwájú. Ẹ gbé pákó padà, ẹ mú ìṣó nínú agolo Bàbá, ẹ sì kàn án. Ọwọ́ òsì lẹ fi di ìṣó mú, òòlù sì ba àtàǹpàkò òsì. Mọ́tò tí ẹ ní ó gbá yín, mo ti bi wọ́n níbi iṣẹ́ yín: ẹ ò ní mọ́tò, ẹsẹ̀ lẹ sì fi rìn délé lánàá.”

Akọ̀wé kò sá. Ibo ló fẹ́ sá gbà? Ọlọ́pàá wà ní géètì, ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló wà níwájú. Aránṣọ rí i bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, ó sì mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, torí bí àyà tirẹ̀ náà ṣe ń ṣe láti àárọ̀ nìyẹn.

“Wọ́n ní àwọn á dúró níwájú adájọ́,” ló wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ. “Lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní àwọn á sọ pé àwọn ò fún ẹnikẹ́ni níwèé. Èmi ni ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí i, kóòtù ni mo ti ń jẹun. Ẹ̀wọ̀n ni. Mo kúnlẹ̀ fún wọn láàárín ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹjọ́ parí ná. Wọ́n ní irọ́ tí àwọn fi ìka tẹ̀ láìmọ̀, àwọn ò ní mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹnu tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń wo férémù ilẹ̀kùn, pé ó ti gbó, pé àwọn á pààrọ̀ ẹ̀ fún un. Fún un! Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé àyọ́ọ̀nù.”

Bàbá Kékeré jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́bàá omi. “Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan òòlù rí,” ló ń sọ, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún. “Mo ní kí n kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní rárá, kálàmù ni kí ọwọ́ ọmọ òun mọ̀, kó má jìyà bíi tàwa.”

Wọ́n bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Aránṣọ, ọ̀kan náà ni wọ́n sì fi sí ti Akọ̀wé. Nígbà tí wọ́n mú un lọ tán, Ìnsípẹ́kítọ̀ yọ ìṣó mẹ́rin tó kù, ó gbé pákó sílẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ṣí. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó kan ẹsẹ̀ tábìlì tí Bàbá kàn lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ó sọ fún Aránṣọ pé ìwé irọ́ yẹn ti di ẹrù ọlọ́pàá, adájọ́ ò sì lè tìtorí rẹ̀ lé e jáde lọ́la. Ohun tó bá kù nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù di ọwọ́ Bàbá Kékeré. Aránṣọ ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó ṣí yẹn ló ń wò. Ọ̀rọ̀ tó sọ láàárín títì ló ń dún létí rẹ̀. Òkú ti kọ́kọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, òkú ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ó sunkún, ó sì sunkún pẹ́, kò bo ojú.

Nígbà tó yá, Bàbá Kékeré gbé orí sókè. Ó ní àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n òun, àti pé àwọn ẹ̀wù rẹ̀ tó wà nínú ilé ti gbó, Akọ̀wé ló sì máa ń bójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tí àwọn máa wọ̀ fún un.

“Èyí tó wà lórí ìkọ́ yẹn,” ni Aránṣọ wí. “Ó ku ọrùn àti apá kan. Ìwọ̀n wọn wà lọ́wọ́ mi.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ wọlé, ó yọ ẹ̀wù aláwọ̀ eérú náà lórí ìkọ́, ó gbé e fún un pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, torí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Aránṣọ fi omi ẹ̀rọ bọ́jú. Lẹ́yìn náà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó tú píìnì ọrùn ẹ̀wù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán an.